Nígbà Tí Kọ̀ǹpútà Dá Darandaran Lẹ́bi

Ní ọdún 1975, wọ́n dá ẹjọ́ kan ní Amẹ́ríkà lórí àwọn èèyàn tí kò sí níbẹ̀ láti fẹnu ara wọn sọ̀rọ̀. Àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ni darandaran àti àgbẹ̀ ilẹ̀ Sahel, ìyẹn ilẹ̀ tó wà létí aṣálẹ̀ Sahara, tó bẹ̀rẹ̀ láti Sẹ̀nẹ̀gà, tó gba Málì, Burkina Faso, Niger àti òkè pátápátá àríwá Nàìjíríà kọjá lọ sí Chad. Ẹ̀sùn náà ni pé ẹran wọn jẹ koríko tán, ilẹ̀ wá wà ní ìhòòhò, òjò sì sá lọ. Ẹlẹ́rìí tó wúwo jù nínú ẹjọ́ náà kì í ṣe èèyàn. Kọ̀ǹpútà ni.

Kò tó ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà tí kọ̀ǹpútà mìíràn fi wá jẹ́rìí pé òkun ló yẹ ká kọ́kọ́ bi léèrè, kì í ṣe màlúù. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ àkọ́kọ́ ti wọ àwọn èèyàn létí jìnnà. Títí di òní, tí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ní Àbújá tàbí Èkó pé kí ló ń sún aṣálẹ̀ bọ̀ níhà wa, màlúù àti igi gígé ni wọn yóò kọ́kọ́ dárúkọ.

Kì í ṣe torí pé ìtàn náà dùn ún gbọ́ nìkan ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́. Lóde òní, àwòṣe orí kọ̀ǹpútà ló ń sọ ìgbà tí òjò yóò bẹ̀rẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ tí omíyalé lè bá jà, àti orílẹ̀-èdè tí yóò gba owó ìrànwọ́ nígbà ọ̀dá. Ẹni tí kò bá mọ bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ní mọ ìgbà tó yẹ kó gbà á gbọ́, kò sì ní mọ ìgbà tó yẹ kó yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀dá tó dá ẹjọ́ sílẹ̀

Láti nǹkan bí ọdún 1968 ni òjò ti ń já àwọn ará Sahel kulẹ̀. Ọdún 1972 àti 1973 ló wá le jù. Odò gbẹ, kànga gbẹ, koríko kọ̀, kò hù. Màlúù, ewúrẹ́ àti ràkúnmí kú lọ bẹẹrẹ. Àwọn Fúlàní àti Tuareg tó jẹ́ pé ẹran ni gbogbo ọrọ̀ wọn kó ọmọ àti aya wọ ìlú wá, wọ́n ń tọrọ oúnjẹ. Iye tí wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí ni pé àwọn tó kú tó 100,000.

Ọ̀dá náà mi ìjọba. Ní ọdún 1973, àwọn orílẹ̀-èdè Sahel dá àjọ CILSS sílẹ̀ láti fi gbógun tì í. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1974, àwọn ológun lábẹ́ Seyni Kountché gba ìjọba Niger lọ́wọ́ Ààrẹ Hamani Diori, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ìrànwọ́ tí kò dé ọwọ́ ẹni tí ebi ń pa sì wà lára ohun tí wọ́n fi dá ara wọn láre. Lọ́dún kan náà ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ AGRHYMET sílẹ̀ ní Niamey, kí ó máa wọn òjò, kí ó sì máa tọpa irè oko. Ní Nàìjíríà, òkìtì ẹ̀pà Kano tí gbogbo wa mọ̀ nínú àwòrán kò padà bọ̀ sípò mọ́. Ọ̀dá náà wà lára ohun tó pa á.

Nígbà tí irú àjálù báyìí bá ṣẹlẹ̀, ìbéèrè tí ọmọ aráyé kọ́kọ́ ń béèrè ni pé, ta ló fà á? Ìdáhùn kan sì ti wà nílẹ̀ tipẹ́, tó ń dúró de ẹni tí yóò gbé e.

Ẹ̀sùn náà ti wà kí kọ̀ǹpútà tó dé

Ní ọdún 1934, Ọ̀jọ̀gbọ́n E. P. Stebbing, olùkọ́ nípa igbó ní Yunifásítì Edinburgh, rìnrìn àjò gba àríwá Nàìjíríà àti Niger. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó kọ ọ̀rọ̀ kan jáde tó kó jìnnìjìnnì bá àwọn aláṣẹ: ó ní Sahara ń bọ̀ wá gbé àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ń ṣàkóso ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà mì. Àwọn tó dá lẹ́bi ni àwọn ọmọ ilẹ̀, tí wọ́n ń sun igbó, tí wọ́n ń paná oko kan kí wọ́n tó lọ dá òmíràn, tí wọ́n sì ń da ẹran káàkiri.

Ẹ̀rù ba ìjọba méjèèjì débi pé wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kan dìde láàárín ọdún 1936 sí 1937, àwọn onímọ̀ igbó láti ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé, tí wọ́n lọ fẹsẹ̀ ara wọn rin agbègbè ààlà Nàìjíríà àti Niger. Ohun tí wọ́n rí kò bá ti Stebbing mu. Wọn kò rí iyanrìn tó ń rọ́ bọ̀ gbuurugbu. Brynmor Jones, tó wà nínú ìgbìmọ̀ náà, kọ àbájáde rẹ̀ síta ní ọdún 1938.

Àmọ́ ìròyìn tó ń dẹ́rù bani máa ń sáré ju èyí tó ń fini lọ́kàn balẹ̀ lọ. Àwọn èèyàn gbàgbé ìgbìmọ̀ náà, wọ́n rántí Stebbing. Nígbà tí ọ̀dá ọdún 1968 fi dé, ọ̀rọ̀ pé ọmọ ilẹ̀ ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣẹ̀dá aṣálẹ̀ ti dàgbà tó ọgbọ̀n ọdún.

Báwo ni wọ́n ṣe ń fi nọ́ńbà dá sánmà?

Tí àgbẹ̀ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ajílẹ̀ kan dára, kò le. Yóò fi sí ebè kan, yóò fi èkejì sílẹ̀ lásán, yóò sì wo èyí tí àgbàdo rẹ̀ tóbi jù. Sánmà kò ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀ sí. Ọ̀kan ṣoṣo la ní. Kò sí Sahel kejì tí a ti lè kó màlúù kúrò láti wò ó bóyá òjò yóò padà.

Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi ń fi nọ́ńbà dá sánmà ti ara wọn. Wọ́n á pín afẹ́fẹ́ tó yí ayé ká sí àpótí àpótí. Àpótí kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀: bó ṣe gbóná tó, bí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ṣe ń fẹ́, bí ọ̀rinrin inú rẹ̀ ti pọ̀ tó. Òfin físíìsì ló ń sọ bí ohun tó wà nínú àpótí kan yóò ṣe kan èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà á wá máa ṣírò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wákàtí dé wákàtí, ọdún dé ọdún. Lẹ́yìn náà, wọ́n á yí nǹkan kan ṣoṣo padà, wọ́n á tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó bá jáde, ohun tí wọ́n yí padà ni wọ́n á kà á sí lọ́rùn. Èyí ni mo ń pè ní àwòṣe.

Lewis Fry Richardson, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti gbìyànjú rẹ̀ kí kọ̀ǹpútà tó dáyé. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, tó ń wa ọkọ̀ tó ń gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́ ní Faransé, ó ń fi ọwọ́ ṣírò bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí ní wákàtí mẹ́fà péré. Ìdáhùn tó rí jìnnà sí òótọ́ pátápátá. Nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní ọdún 1922, ó ní yóò gba 64,000 èèyàn tó mọ ìṣirò kí wọ́n tó lè sáré bá ojú ọjọ́ gbogbo ayé. Ní ọdún 1950, Jule Charney àti John von Neumann pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lo kọ̀ǹpútà ENIAC láti ṣe àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀. Ó gba kọ̀ǹpútà náà ní nǹkan bí wákàtí 24 láti sọ ohun tí wákàtí 24 yóò mú wá.

Ẹ fi orúkọ Charney sọ́kàn. Kì í ṣe ẹni kékeré. Òun náà ló padà wá sórí ọ̀rọ̀ Sahel ní ọdún 1975.

Ohun tí kọ̀ǹpútà sọ, àti ohun tí èèyàn fi kún un

Àbá tí Charney dá rọrùn láti yé ni. Iyanrìn funfun máa ń ta ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà sókè, bí aṣọ funfun ṣe ń ṣe. Ilẹ̀ tó ní koríko dúdú díẹ̀, ó ń mu ooru náà sínú. Tí ẹran bá jẹ koríko tán, ilẹ̀ á funfun sí i, ooru tó ń mú un á dín kù, afẹ́fẹ́ òkè rẹ̀ á máa rì wálẹ̀ dípò kó máa gòkè. Afẹ́fẹ́ tó ń rì kì í fún ni ní òjò. Òjò kò rọ̀, koríko kò hù, ilẹ̀ á tún funfun sí i. Ní àkókò náà, àwòrán láti ojú sánmà ti fi hàn ní ààlà Sinai àti Negev pé ibi tí ẹran ti jẹ̀ púpọ̀ funfun ju òdìkejì rẹ̀ lọ.

Charney àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbá yìí sínú àwòṣe àjọ NASA. Nínú ìdánwò kan, ilẹ̀ tó wà létí Sahara ń ta ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà. Nínú èkejì, wọ́n gbé e sí ìdá 35. Àbájáde rẹ̀ lágbára: ìgbànú òjò sún lọ sí gúúsù, òjò Sahel sì dín kù ní nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún lásìkò òjò.

Ẹ jẹ́ ká yẹ ìdánwò náà wò. Màlúù kankan kò sí nínú kọ̀ǹpútà yẹn. Darandaran kò sí níbẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni ilẹ̀ tó funfun àti ilẹ̀ tí kò funfun. Láti 14 sí 35 tún jìnnà púpọ̀. Ó dà bí ìgbà tí a bá mú ilẹ̀ eléwéko tó fẹ̀ láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè, tí a sọ ọ́ di aṣálẹ̀ gidi. Ohun tí wọ́n bi kọ̀ǹpútà ni pé, bí ilẹ̀ bá funfun tó báyìí, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí òjò? Ó sì dáhùn dáadáa. Wọn kò bi í pé, ṣé ilẹ̀ funfun tó bẹ́ẹ̀ lóòótọ́? Wọn kò bi í pé, ta ló sọ ọ́ di funfun? Pàtàkì jù lọ, òkun inú ìdánwò méjèèjì, ọ̀kan náà ni. Ẹni tí wọn kò mú wá sí kóòtù kò lè jẹ̀bi níbẹ̀.

Charney fúnra rẹ̀ pe ọ̀rọ̀ náà ní àbá. Ṣùgbọ́n nígbà tí àbá bá kúrò lọ́wọ́ onímọ̀ tó dé ọwọ́ olóṣèlú àti àwọn tó ń pín owó ìrànwọ́, "bóyá" máa ń já bọ́ lójú ọ̀nà.

Àwòṣe mìíràn wà lásìkò náà tó fi darandaran sínú ní tirẹ̀. Ní MIT, níbi tí Charney náà ti ń ṣiṣẹ́, Anthony Picardi àti William Seifert fi kọ̀ǹpútà ṣe ìṣirò ìgbé ayé àwọn darandaran Sahel. Nínú rẹ̀, darandaran kọ̀ọ̀kan ń fi màlúù kún màlúù nítorí èrè ara rẹ̀, koríko sì jẹ́ ti gbogbo èèyàn, kò ní olówó. Ibi tó parí sí ni ìparun. Wọ́n kọ ọ́ jáde ní ọdún 1976, wọ́n sì lo orúkọ tí Garrett Hardin ti sọ di olókìkí ní ọdún 1968, ìyẹn àjálù ohun àjọni.

Ṣé lóòótọ́ ni koríko Sahel kò ní olówó? Ẹ lọ wo ilẹ̀ àbàtà tí Odò Ọya ń bò mọ́lẹ̀ lọ́dọọdún ní Málì. Láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, lábẹ́ ìjọba Macina tí Seku Amadu dá sílẹ̀, òfin ti wà lórí ẹni tó ń wọ pápá, ọ̀nà tó ń gbà, àti ẹran ta ló ń ṣáájú. Àwọn tí wọ́n ń pè ní jowro ló ń bójú tó o. Títí di ayé òde òní, ọjọ́ tí màlúù yóò la odò kọjá ní Diafarabé jẹ́ ọjọ́ àjọ̀dún tí wọ́n ń jókòó dá kó tó pé, UNESCO sì ti kà á mọ́ àṣà tó yẹ ká pa mọ́. Ẹni tó kọ àwòṣe pé òfin kò sí, ìparun náà ni yóò bá lópin ìṣirò. Ohun tó fi sínú ìkòkò ló bù jáde.

Ní ọdún 1977, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pe ìpàdé ńlá lórí ọ̀rọ̀ aṣálẹ̀ sí Nairobi. Lẹ́yìn náà, ìmọ̀ràn ń rọ̀ lé àwọn ìjọba wa lórí: ẹ dín màlúù kù, ẹ ṣe ọgbà yí pápá ká, ẹ mú kí àwọn alárìnkiri jókòó sójú kan. Bẹ́ẹ̀, rírìn káàkiri gan-an ni ọgbọ́n tí darandaran fi ń bá òjò tí kò dúró sójú kan gbé. Ẹni tí o bá dè mọ́lẹ̀ nígbà ọ̀dá, o ti gba ọ̀nà àbáyọ rẹ̀.

Òkun wọ kóòtù

Ọ̀dá kò lọ. Ní ọdún 1983 àti 1984, ó tún padà wá gidigidi. Ní ọdún 1986, Chris Folland, Tim Palmer àti David Parker ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ ìwádìí kan jáde: nígbà tí òkun níhà gúúsù ayé àti Òkun Íńdíà bá gbóná ju òkun níhà àríwá lọ, Sahel a máa gbẹ.

Ní ọdún 2003, Alessandra Giannini, R. Saravanan àti Ping Chang gbé ìdánwò kan jáde tó yí ẹjọ́ náà padà. Ìgbóná ojú òkun láti ọdún 1930 sí 2000, bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n gan-an, ni wọ́n fún kọ̀ǹpútà. Wọn kò sọ fún un pé màlúù jẹ koríko tàbí pé àgbẹ̀ gé igi. Síbẹ̀, òjò tó jáde nínú ìṣirò náà tẹ̀ lé òjò tó rọ̀ ní Sahel: ó pọ̀ láàárín ọdún 1950 sí 1960, ó fà sẹ́yìn láàárín ọdún 1970 sí 1990. Òkun nìkan ti tó láti fi ya àwòrán ọ̀dá náà.

Ọ̀rọ̀ Charney kò di irọ́. Ní ọdún 1999, Ning Zeng àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ilẹ̀ àti ewéko a máa fi kún ọ̀dá lẹ́yìn tó bá ti bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì ń mú kó pẹ́. Ilẹ̀ ń fẹ́ iná náà. Òun kọ́ ló dá a.

Ta ló wá dá a? Ní ọdún 2002, Leon Rotstayn ní Ọsirélíà àti Ulrike Lohmann, tó wà ní Kánádà nígbà náà, mú ẹlẹ́rìí mìíràn wá. Àwọn ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná tó ń jó èédú ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti ń tú èéfín imí ọjọ́ sójú sánmà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ̀rún wínníwínní inú èéfín náà a máa dí oòrùn lọ́nà, ó sì ń mú kí àwọsánmà funfun sí i. Òkun níhà àríwá wá tutù ju bó ṣe yẹ lọ, ìgbànú òjò sì sún lọ sí gúúsù, kúrò lórí Sahel. Àwọn onímọ̀ ṣì ń wọ̀n ọ́n, bí ìpín èéfín ṣe pọ̀ tó, bí ti òkun fúnra rẹ̀ àti ti gáàsì tó ń mú ayé gbóná ṣe pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀nà náà kọjú sí ti hàn. Lásìkò tí wọ́n ń nàka sí màlúù ní Agadez, èéfín ń rú lẹ́yìn ilé àwọn tó ń nàka.

Sátẹ́láìtì náà ní ohun tó sọ. Ní ọdún 1991, Compton Tucker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi àwòrán ọdún 1980 sí 1990 hàn pé etí Sahara níhà gúúsù kò lọ síwájú ní tààrà. Bí òjò bá dín kù, ó sún sí gúúsù. Bí òjò bá pọ̀, ó padà sẹ́yìn. Ohun tí ìgbìmọ̀ ọdún 1937 fẹsẹ̀ rìn rí nìyẹn, tí ẹnikẹ́ni kò kà sí.

Ẹni tí kò sí nínú ìṣirò

Láàárín gbogbo èyí, àgbẹ̀ kò káwọ́ gbera. Láti nǹkan bí ìdajì ọdún 1980 sí 1990, àwọn àgbẹ̀ agbègbè Maradi àti Zinder ní Niger, tí wọ́n jẹ́ aládùúgbò Katsina àti Kano, bẹ̀rẹ̀ sí í dá kùkùté tó ń hù láàárín oko sí dípò kí wọ́n máa gé e dànù. Igi gao wà lára èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù, torí ó máa ń wọ́wé nígbà òjò, kì í ṣíji bo jéró. Títí ọdún bíi ogún yóò fi kọjá, ilẹ̀ tó tó mílíọ̀nù 5 hẹ́kítà ti ní igi sí i. Nínú àwòṣe tó dá wọn lẹ́bi, àgbẹ̀ tó lè tún ilẹ̀ ara rẹ̀ ṣe kò sí.

Ó rí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ irúgbìn. Àwọn àwòṣe tó ń ṣírò bí irè oko yóò ṣe rí máa ń ka ọjọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti gbìn ín. Ṣùgbọ́n ọkà bàbà ìbílẹ̀ Málì kì í ka ọjọ́ lásán. Gígùn ojúmọ́ ló ń wò. Àgbẹ̀ ìbáà gbìn ín tètè tàbí kó pẹ́, ó ń sún ìgbà tó ń yọ orí mọ́ ìparí òjò. Àwọn baba ńlá wọn ló ń yan irú rẹ̀ pamọ́ láti ìran dé ìran, torí òjò kì í dé lọ́jọ́ kan náà lọ́dọọdún. Àwọn onímọ̀ ní ibùdó ICRISAT lẹ́bàá Bamako ní láti máa gbin ọkà náà lóṣooṣù kí wọ́n tó mọ bó ṣe ń ṣe é gan-an, kí wọ́n tó lè tún ìṣirò wọn ṣe.

Tí ẹ bá rò pé irú àṣìṣe yìí ti di ohun àtijọ́, ẹ gbọ́ ti Malawi. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa ni, ṣùgbọ́n àjọ tí ọ̀rọ̀ náà kàn ń ṣiṣẹ́ ní Sahel bákan náà. Àjọ African Risk Capacity, tí Ìṣọ̀kan Áfíríkà dá sílẹ̀ ní ọdún 2012, ń gba owó ìnṣọ́ránsì lọ́wọ́ ìjọba, àwòṣe rẹ̀ sì ń sọ ìgbà tó yẹ kó san án padà fún wọn nítorí ọ̀dá. Ní oṣù Kìíní ọdún 2015, ó san owó tó lé ní mílíọ̀nù 26 dọ́là fún Sẹ̀nẹ̀gà, Niger àti Mauritania, ó sì ṣe èèyàn láǹfààní. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọ̀dá bá Malawi. Ìjọba ibẹ̀ ní èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 6 ààbọ̀ ló nílò oúnjẹ. Àwòṣe ní nǹkan bí 21,000 péré ni, owó kankan kò sì tọ́ sí wọn. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé àwòṣe náà rò pé àgbàdo tó ń pẹ́ lóko ni àwọn àgbẹ̀ gbìn, bẹ́ẹ̀ èyí tó ń tètè gbó ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń gbìn. Àjọ náà tún un ṣe, ó sì san nǹkan bí mílíọ̀nù 8 dọ́là. Ṣùgbọ́n oṣù ti kọjá, ebi kì í sì í dúró de àtúnṣe. Ìbéèrè kan ṣoṣo, "irú àgbàdo wo lẹ gbìn?", ni wọn kò rí ẹnikẹ́ni bi lásìkò.

Kí ló kù fún wa?

Kò sí ohun tó jọ pé mo fẹ́ ká ju àwòṣe nù. Láìsí i, darandaran ì bá ṣì wà lábẹ́ ẹ̀bi gbogbo rẹ̀ dòní. Ojú lásán kò lè rí okùn tó so òkun Àtìláńtíìkì mọ́ pápá Niger. Kọ̀ǹpútà ló dá wọn lẹ́bi, kọ̀ǹpútà náà ló dá wọn sílẹ̀. Ohun tó yàtọ̀ láàárín méjèèjì ni ìbéèrè tí èèyàn bi í.

Kí ẹnikẹ́ni má sì gbé ọ̀rọ̀ mi gba ibòmíràn. Pé òkun ló lé òjò Sahel lọ kò dá ẹni tó fi ìbọn wọ oko olóko láre, ní Benue tàbí níbikíbi. Ìwà ọ̀daràn ní òfin tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlànà tí ìjọba bá gbé ka orí pé darandaran ló ń ba ilẹ̀ jẹ́ láti ilẹ̀ wá, orí ẹ̀rí tó ti wó ló gbé e kà. Ẹni tó bá fẹ́ parí ìjà àgbẹ̀ àti darandaran ní láti mọ ohun tó kọ́kọ́ lé wọn wá bá ara wọn.

Lọ́dọọdún, NiMet máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ òjò jáde, àjọ NIHSA náà sì ń sọ ibi tí omíyalé lè dé. Wọ́n kìlọ̀ ní ọdún 2022. Síbẹ̀, omi pa èèyàn tó lé ní 600 lọ́dún náà, ó sì lé àwọn tó ju mílíọ̀nù kan lọ kúrò nílé. Ìṣirò ríran, ọ̀nà láti ọ̀dọ̀ ìṣirò dé ẹnu ọ̀nà àwọn tó ń gbé etídò ni kò là. Ní agbègbè Kaffrine ní Sẹ̀nẹ̀gà, láti ọdún 2011, àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ti ń jókòó pẹ̀lú àgbẹ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, àgbẹ̀ ń sọ àmì tí òun mọ̀, onímọ̀ ń sọ ohun tí kọ̀ǹpútà rí, rédíò ìbílẹ̀ sì ń gbé e jáde lédè tí wọ́n gbọ́. Kò sí ohun tó ní ká má lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní èdè Kanuri, Hausa, Fulfulde, Tiv àti Yorùbá.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ẹ bá tún gbọ́ pé kọ̀ǹpútà ti sọ pé báyìí ni oko yín, odò yín tàbí ẹran yín yóò ṣe rí, ẹ má kọ̀ ọ́, ẹ má sì dọ̀bálẹ̀ fún un. Ẹ béèrè ta ló bi í ní ìbéèrè, kí ni wọ́n yí padà, kí ni wọ́n fi sójú kan, àti ta ni wọn kò kà mọ́ ọn. Ní ọdún 1975, àwọn tó yẹ kó béèrè rẹ̀ wà lẹ́yìn màlúù wọn tó ń kú lọ, wọn kò sì mọ̀ pé ẹjọ́ ń lọ lórí wọn.